Bí Ọmọ Mi Ṣe Wọn Pẹpẹ Láti Ìta

Ẹnu mi ló kó wa síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn kí n tó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni, nílé-ìwé ọmọ mi ní Noman's Land, nílùú Kano. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní TD, ìyẹn ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, dìde. Ó ní òun fẹ́ mú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí iṣẹ́ ẹni tó ń ya pláànù, ti ẹnjiníà àti ti bíríkìlà, kí wọ́n tó yan ohun tí wọ́n máa kà ní kíláàsì àgbà. Ó ti bẹ onílé mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kó máa lọ, pé bí ọmọ ọlọ́mọ bá já sí kòtò, ta ni yóò ru ẹjọ́ rẹ̀? Gbogbo òbí ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ni mo bá nawọ́.

"Ìjọ wa ń kọ́lé lẹ́yìn Ibo Road," mo ní. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, sà."

Ẹ rí i, èmi ni mò ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ yẹn. Ẹni tó bá mọ bí ikùn Wòlíì ṣe tóbi sí i lọ́dọọdún, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó lẹ́nu níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin kan tó jókòó tì mí, tó máa ń wò mí látòkè délẹ̀ nítorí pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo bímọ, òun náà pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n nawọ́ gan-an ni pé ọmọ mẹ́fà péré ni tíṣà lè gbà sí TD, nítorí pé pátákó ìyàwòrán mẹ́fà ni ilé-ìwé ní. Ẹni tó bá lọ síbi ìkọ́lé náà, tó wọn yàrá kan, tó sì ya á bó ṣe tọ́, ló máa wọlé. Ọmọ mi sì ti ń ya ilé láti ìgbà tó ti lè di pẹ́ńsù mú: lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, lára ògiri, lórí pépà tí mo fi ń gé aṣọ. Bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ epo, tó jẹ́ pé orí fóònù la ti ń rí i ju inú ilé lọ, ti ní nọ́ọ̀sì ni ọmọ òun máa ṣe. Àdéhùn tí mo bá a ṣe ni pé bí ọmọ náà bá wọ TD, kó fi í sílẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kó máa lọ gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́, kí gbogbo wa sinmi.

Ọmọ náà kò sinmi. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wọn gbogbo nǹkan tó wà nílé. Lọ́jọ́ kan ó dìde lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, gadonmu a karkace yake." Ó ń sọ fún mi lédè Hausa pé bẹ́ẹ̀dì wa wọ́. Mo ní èdè tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni kó máa fi dá mi lóhùn. Ó ní ó dáa, bẹ́ẹ̀dì náà wọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú.

Wòlíì gbà láìjanpata. Ọ̀rọ̀ bàtà ló kọ́kọ́ fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Nínú ìjọ tiwa, àwa aláṣọ funfun, a kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé ilé yìí kò tíì ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ ń bímọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ la ti tan àbẹ́là sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a da omi àdúrà sí i, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti di mímọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹnjiníà tí ìjọ gbà, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ní òun kò mọ mímọ́. Ìṣó ni òun mọ̀. Ó ní ọmọ ilé-ìwé tí kò bá wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ kò ní í wọlé. Wòlíì ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ni kò ní í wọlé. Bí a bá ní ká tẹ̀ lé àwọn méjèèjì, àwọn ewúrẹ́ nìkan ló lè kọ́ ilé náà parí.

Àwọn bíríkìlà ńkọ́? Tiwọn ti yanjú tipẹ́. Ọmọ Kano ni wọ́n, Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Láràárọ̀ Mọ́ńdè ni Ìyá Ìjọ máa ń wọ́n omi àdúrà sí sílípáàsì wọn, wọ́n á sì wọlé. Ọ̀gá wọn, bàbá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Malam, máa ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú kí wọ́n tó ní kó nà án. Ó ní omi náà ń jẹ́ kí eruku fara balẹ̀. Bí wọ́n ṣe pinnu nìyẹn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàtà àwọn ọmọ ilé-ìwé náà. Mo yọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ọmọ mi jáde láti balùwẹ̀, ó ní kí n fún òun ní páàdì.

Mo fún un. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rántí nǹkan kan. Mo rántí o. Òfin ìjọ wa ni pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé Ọlọ́run títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ ní òfin náà, nígbà tó kọ́kọ́ rí tirẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ní kì í ṣe ìyà, ìsinmi ni. Ó bi mí pé, "Ìsinmi kúrò níbi kí ni?" Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Adaidaita, ìyẹn kẹ̀kẹ́ Maruwa, la wọ̀ lọ, èmi àti òun. Nígbà tí a débẹ̀, tíṣà ti to àwọn ọmọkùnrin mọ́kànlá sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi nìkan ni obìnrin. Ìyá Ìjọ jókòó sórí àga pẹ̀lú ìgò omi rẹ̀, ó ń wọ́n ọn sí bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan tíṣà, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ó dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Nígbà tó kan ọmọ mi, ìgò dúró lókè. Ìyá Ìjọ fà mí sápá kan.

"Ìyá ọmọ," ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "ṣé ọmọ wa ṣe é wọlé?"

Kò sí obìnrin kan nínú ìjọ wa tí kò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń béèrè.

"Ó ṣe é wọlé, Màmá," mo ní. Irọ́ náà jáde geerege, kò tilẹ̀ ha mí lọ́fun. Lórí ilẹ̀ mímọ́.

Ọmọ mi wò mí. "Mọ́mì, ƙarya ne," ló wí. Irọ́ ni.

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Hausa ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Ìyá Ìjọ ti ń ta ìrẹsì lọ́jà Sabon Gari kí wọ́n tó gbé ìyá mi níyàwó. Hausa ló fi ń lálàá. Ó bú sẹ́rìn-ín tí omi fi ń dà nínú ìgò. "Na gode, 'yata," ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó wá kọjú sí mi: "Ìwọ àti ọmọ ẹ, ta ló bí ẹnì kejì?"

Mo fa ọmọ mi létí lọ sẹ́yìn igi kan.

"Ṣé o ò fẹ́ TD náà mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Kí ló wá ń ṣe ẹ́ lẹ́nu?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òfin yẹn," ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti délẹ̀. "Bí mo bá wọlé báyìí, ẹ̀rù á máa bà mí. Ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ìlà mi ò ní í tọ́."

Mo fi etí rẹ̀ sílẹ̀.

Tíṣà kò gbọ́ gbogbo èyí, tàbí ó gbọ́ ọ, ó sì fẹ́ràn kó má gbọ́ ọ. Ó ti ká pépà kéékèèké sínú àṣíborí, ó ní kí olúkúlùkù mú ọ̀kan, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa wọ̀n. Ọmọ kan bá yàrá tí àwọn akọrin á máa lò. Ọmọ kan bá àtẹ̀gùn. Ọmọ kan bá tọ́ílẹ̀tì, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ọmọ mi ka tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin yọjú wò ó, ó pariwo, "Pẹpẹ! Ó kàgbákò!" Pẹpẹ ló le jù níbẹ̀, nítorí pé gbogbo ilé náà ló ní igun, àfi ògiri pẹpẹ tó ká róbótó bí ààbọ̀ òṣùpá.

"Pẹpẹ kẹ̀?" Ìyá Ìjọ ní. "Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ mọ́ bí ẹyin, obìnrin wo ló ń gun pẹpẹ?"

Ìyẹn ni pé lásán ni mo purọ́. Bí irọ́ mi bá tilẹ̀ wọlé, kò ní í ràn wá lọ́wọ́.

Ọmọ tó bá tọ́ílẹ̀tì ní òun ṣe tán láti pààrọ̀, pé ẹ̀yìnkùlé ni tọ́ílẹ̀tì wà, kò sí mímọ́ níbẹ̀. Ọmọ mi ní òun ò gba tọ́ílẹ̀tì. Tíṣà nu ojú rẹ̀. "Mi ò lè tún ìbò dì," ó ní. "Ṣe é bó o bá ṣe lè ṣe é. Aago méjìlá ni màá gba ìwé." Ó kó téèpù mẹ́ta tí ilé-ìwé ní, ó kó àwọn ọmọkùnrin, wọ́n wọlé. Aago mẹ́wàá ti lé.

Ẹ̀yìn pẹpẹ náà yọ sójú ọ̀nà tóóró kan, nítorí pé wọn kò tíì mọ ògiri ọgbà débẹ̀. Ibẹ̀ la lọ dúró sí, nínú oòrùn. Kò pẹ́ tí Ìyá Ìjọ fi gbé àga rẹ̀ dé, ó tún mú agboòrùn dání. Ó ní kí ọmọ náà jókòó. Mo rò pé ó máa wàásù fún mi. Ó ṣí agboòrùn lé ọmọ náà lórí.

"Ọmọ márùn-ún ni mo bí nínú ìjọ yìí," ó ní, kò wo ojú mi. "Kò sí èyí tí mo wà nínú ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ìwẹ̀mọ́ ìyá ọmọ ò tíì pé."

Èmi náà kò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ yìí lórúkọ. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí, wàrà ti rin bùláòsì mi, àwọn obìnrin tó ń kọjá ń wò mí pé kékeré yìí náà ti bímọ. Inú gbohùngbohùn ni mo ti gbọ́ orúkọ ọmọ mi. Mo sì ṣe àmín sókè. Mi ò rántí pé mo bínú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn pẹpẹ yẹn ni mo ti rántí láti bínú, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú sí, nítorí pé ẹni tó súnmọ́ mi jù ló ń di agboòrùn lé ọmọ mi lórí.

Ọmọ mi kò ráyè tiwa. Ojú fèrèsé kan wà lára ògiri pẹpẹ náà, tí wọn kò tíì fi irin sí. Ó yọjú wọlé. Malam ló wà láàrin pẹpẹ níbẹ̀, pẹ̀lú sílípáàsì rẹ̀ tí wọ́n ti ya sí mímọ́, ó ń jẹ obì.

Ọmọ mi kí i, ó sì bi í ní Hausa bó ṣe rí ògiri náà ká tó fi dọ́gba bẹ́ẹ̀. Inú bàbá náà dùn. Mo rò pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tó bi í. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ọ̀pá irin kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láàrin pẹpẹ. Ó mú okùn kan jáde lápò, tí wọ́n ta kókó sí lẹ́nu. Ó fi orí okùn kọ́ irin, ó na ìyókù títí dé ara ògiri, ó wá ń rìn yípo. Ibi tí kókó yẹn bá dé ni wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù sí. Kò sí nǹkan mìíràn. Gbogbo pẹpẹ tí a ń bẹ̀rù yẹn, okùn kan ṣoṣo ni.

"Malam, ẹ fún mi ní okùn náà," ọmọ mi ní.

Bàbá náà tú u, ó nà án sí i láti ojú fèrèsé. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí téèpù lọ́wọ́ wa, àfi èyí tí mo fi ń rán aṣọ, tí kì í kúrò lọ́rùn mi. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo di orí rẹ̀ mú. Gígùn téèpù mi lẹ́ẹ̀mejì àti ínṣì méjìlá: ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. Ó kọ ọ́. Ó wọn nínípọn ògiri lójú fèrèsé, ó jẹ́ ínṣì mẹ́sàn-án. Ó wọn ìta rẹ̀ yípo. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ó di ọwọ́ Malam.

"Malam, riƙe nan," á ní kó di ibẹ̀ mú. "Matsa kaɗan," á ní kó sún díẹ̀. Bàbá tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá jiyàn, ó ń sún, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń pe ọmọ náà ní Injiniya. Nígbà tó yá, ó bi í pé kí ló dé tí kò kúkú wọlé.

"Ba ni da tsarki," ọmọ mi dá a lóhùn. Ara òun kò mọ́.

Mo dijú. Ìyá Ìjọ náà dijú. Malam mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò lè rọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn, àwọn obìnrin àwọn kì í kírun ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tu obì sílẹ̀ lórí pẹpẹ, ó di téèpù mú, ó ní ó kù ibo.

Nígbà tí aago méjìlá lù, tíṣà yípo wá. Ó bá ọmọ mi lórí àga Ìyá Ìjọ, lábẹ́ agboòrùn Ìyá Ìjọ, pátákó lórí itan rẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó kó o mọ́ ti àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n lẹ orúkọ mẹ́fà mọ́ ara ògiri ilé-ìwé. Orúkọ ọmọ mi ló wà lókè. Mo fò sókè, mo sì tún wò ó dáadáa kí n má baà fò sókè fún ọmọ ẹlòmíràn. Tíṣà pè wá sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó tẹ́ àwòrán gbogbo wọn sórí tábìlì. Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ilé ni gbogbo wọn wà, inú ilé nìkan ni wọ́n wọ̀n. Ògiri wọn fẹ́lẹ́ bí pépà, ìlà kan péré. Ògiri ọmọ mi ní ojú méjì, ínṣì mẹ́sàn-án sì wà láàrin wọn.

"Ọmọ yín nìkan ló mọ̀ pé ògiri ní ẹ̀yìn, mà," ó ní.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí bí kò ṣe ní í mọ̀ ọ́n. Mo ní a dúpẹ́, sà.

Ó wá yọ fọ́ọ̀mù kan jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èmi òbí ọmọ yìí, mo fọwọ́ sí i pé kò sí ìdí kankan tí ọmọ mi kò fi ní í wọ ibi ìkọ́lé tí ilé-ìwé bá mú un lọ. Ó ní nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níjelòó ni, pé ọ̀gá ilé-ìwé kò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀.

"Ó dáa," mo ní. "Níbo lẹ tún ń mú wọn lọ?"

Ó họ orí. "Ìjọ yín náà ni, mà. Wọ́n fẹ́ kan òrùlé. Kò sẹ́lòmíràn tó gbà wá."

Ẹ̀rín gbé mi. Ìjọ mi ló ní kó má wọlé, ilé-ìwé ní kí n fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tó máa ní kó má wọlé, ìjọ kan náà ni, èmi náà ni. Mo bi í pé ọjọ́ wo. Ó ṣí dáyárì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gééré sí ọjọ́ tí a lọ.

"Ẹ sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì, sà."

"Nítorí kí ni, mà?"

"Nítorí ohun tí obìnrin máa ń kà lórí kàlẹ́ńdà."

Ó ye é. Ó tẹrí sínú dáyárì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!" Ọmọ mi fi báàgì bojú. Nígbà tó yọ ojú, ó ní, "Sà, ẹ má sún un. Màá wà níta. Ta ló wà lábẹ́ òrùlé tó rí i tán?"

Tíṣà wò mí, báírò wà lókè. Mo ní kó sún un. Ọmọ mi ti mọ ìta. Mo fẹ́ kó rí inú pẹ̀lú, kó gbójú sókè wo igi òrùlé lẹ́ẹ̀kan láìsí pé ìyá rẹ̀ ń purọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa ìlà pa ọjọ́ ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó kọ òmíràn.

Mo gba báírò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

"Márùn-ún yòókù ńkọ́?" mo bi í.

"Márùn-ún wo, mà?"

"Ti àwọn ọmọkùnrin. Kí òbí tiwọn náà fọwọ́ sí i."

Ó ní tiwọn kò ní nǹkan tó ń dí wọn lọ́wọ́. Mo ní bí kò bá sí nǹkan tó ń dí wọn lọ́wọ́, ó yẹ kó rọrùn láti fọwọ́ sí i. Ó ní kò sí iná tí òun máa fi ṣe fótókọ́pì. Mo fa àga sún mọ́ tábìlì, mo jókòó, mo ní mi ò kánjú.